Ìkápọ̀ àti Ìrẹ́dànù: Ìperí Méjì fún Ìpamọ́ Fídíò

1. Ìfáàrà

Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti wí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìperí rí fún ohun tí ó ń tọ́ka sí. Bí ìperí bá dúró déédéé, ó ń kó ìlò nǹkan ní ìjánu. Bí ó bá da ìtumọ̀ méjì pọ̀ sójú kan, àṣìlò ni yóò tẹ̀lé e. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ìfúnpọ̀, èyí tí àwọn atúmọ̀ ń lò fún iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe nígbà tí ó bá sọ àkọsílẹ̀ ńlá di kékeré. Èrò wa ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ń bo iṣẹ́ méjì tí kò jọra mọ́lẹ̀, àti pé nínú ọ̀ràn fídíò tí a fẹ́ pa mọ́ fún ìran tí ń bọ̀, àṣìmú ọ̀kan fún èkejì lè fa àdánù tí kò ní àtúnṣe.

Ẹ jẹ́ kí a mú Arákalẹ̀, àdúgbò òwò ní àárín ìlú Àkúrẹ́, ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ìdílé kan wá láti Oǹdó, wọ́n sì gbé kásẹ́ẹ̀tì fídíò àtijọ́ kan lọ sí ìsọ̀ oníṣẹ́ fídíò kan níbẹ̀. Ijó Òbítùn ni ó wà nínú rẹ̀, ìyá àgbà kan tí ó ti di olóògbé sì ń fi èdè Oǹdó sọ ìtumọ̀ ijó náà. Wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa fún un pọ̀ kí ó lè wọ inú ohun ìpamọ́ kékeré yìí, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí àwòrán rẹ̀ bàjẹ́." Oníṣẹ́ náà dáhùn pé, "Ó ti yé mi, ẹ má ṣèyọnu." Kò sí irọ́ nínú ohun tí ẹnì kankan sọ. Síbẹ̀, ohun tí ìdílé náà ní lọ́kàn àti ohun tí oníṣẹ́ náà yóò ṣe lè jìnnà sí ara wọn bí ọ̀run ti jìnnà sí ilẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò kò fi ìyàtọ̀ hàn.

Ọ̀ràn náà kò sì lè dúró pẹ́. Ní oṣù keje ọdún 2016 ni Funai, ilé-iṣẹ́ Japan tí ó ṣẹ́kù nídìí ṣíṣe ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì VHS, dáwọ́ iṣẹ́ náà dúró. Ní 2019, UNESCO àti IASA, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn olùpamọ́ ohùn àti àwòrán, kìlọ̀ pé nígbà tí 2025 bá fi máa dé, yóò ti ṣòro gidigidi láti rí ẹ̀rọ tí yóò lè ka téèpù. Ọdún náà ti dé. Fún kásẹ́ẹ̀tì púpọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a óò tún lè rí wọn kà. Bí a bá sì ti dà wọ́n kọ lọ́jọ́ náà ni yóò wà títí ayé.

2. Ìwọ̀n ohun tí ó wà nínú fídíò

Kí a tó sọ̀rọ̀ nípa fífún nǹkan pọ̀, ó yẹ kí a mọ bí nǹkan náà ti tóbi tó. Ìlànà PAL ni tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ àti fídíò ilẹ̀ Nàìjíríà tẹ̀ lé kí ìlànà oní-nọ́ńbà tó dé. Nínú ìlànà yìí, àwòrán 25 ni ó ń kọjá lójú wa ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. A óò pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ẹyọ-àwòrán. Ìlà 625 ni ó wà nínú ẹyọ-àwòrán kan, ṣùgbọ́n 576 péré ni ó ń gbé àwòrán. Bí a bá kó o sínú kọ̀ǹpútà, ìlà kọ̀ọ̀kan a pín sí ojú 720. Ojú kọ̀ọ̀kan yìí ni a pè ní wóró-àwòrán, nítorí pé bí wóró ẹ̀wà ti kún inú igbá ni wọ́n ṣe kún inú àwòrán. Lóòótọ́, àwòrán VHS kò mú tó ìwọ̀n yìí, ṣùgbọ́n ìwọ̀n yìí ni àwọn ilé ìpamọ́ fi ń kó o kí ohunkóhun má baà bọ́ sílẹ̀.

Wóró 720 nígbà ìlà 576 jẹ́ wóró 414,720 nínú ẹyọ-àwòrán kan. Bí a bá fún wóró kọ̀ọ̀kan ní báìtì méjì, tí a sì fi 25 sọ ọ́ di púpọ̀, báìtì 20,736,000 ni ìṣẹ́jú-àáyá kan yóò gbà. Wákàtí kan yóò gba nǹkan bí gígábáìtì 74.6. Ẹni tí ó ní kásẹ́ẹ̀tì ọgọ́rùn-ún nílé mọ̀ nísinsìnyí pé kò rọrùn láti pa wọ́n mọ́ láìfún wọn pọ̀. A kò bá ìfúnpọ̀ jà. Ìbéèrè wa ni pé: irú ìfúnpọ̀ wo?

3. Ọ̀nà méjì tí nǹkan fi ń kéré

Ọ̀nà kìíní ni a lè fi òǹkà Yorùbá ṣàlàyé. Bí Yorùbá bá fẹ́ ka 45, kì í ka gbogbo rẹ̀ láti orí ení. Ó di àádọ́ta mú, èyí tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀, ó sì sọ ìyàtọ̀ nìkan: márùn-ún dín ní àádọ́ta, èyí tí ó di márùndínláàádọ́ta. Ẹni tí ó gbọ́ ọ kò ṣìnà. 45 gan-an ni yóò kà, kì í ṣe 44, kì í ṣe 46. Bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń ṣe. Ó ń wo àwọn wóró tí ó yí wóró kan ká, ó ń fojú díwọ̀n ohun tí ó yẹ kí wóró náà jẹ́, ó sì ń kọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìdíwọ̀n àti òtítọ́ sílẹ̀. Nítorí pé wóró àwòrán máa ń jọ aládùúgbò wọn, ìyàtọ̀ náà máa ń kéré. Lẹ́yìn èyí, a óò fún ìyàtọ̀ tí ó wọ́pọ̀ ní àmì kúkúrú, a óò sì fún èyí tí ó ṣọ̀wọ́n ní àmì gígùn, irú ọgbọ́n tí David Huffman gbé jáde ní 1952. Àwa òǹkọ̀wé náà ń ṣe irú rẹ̀ nígbà tí a bá kọ abbl. dípò "àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ". Ẹni tí ó bá mọ àmì náà yóò tú u sílẹ̀ lódidi, kò sì ní ku ọ̀rọ̀ kan.

FFV1 ni ọ̀kan nínú irú ìlànà bẹ́ẹ̀ tí àwọn ilé ìpamọ́ ń lò fún fídíò. Ní 2021 ni a tẹ àlàyé rẹ̀ jáde fún gbogbo ayé gẹ́gẹ́ bí RFC 9043. Irú JPEG 2000 tí kì í pàdánù ohunkóhun wà pẹ̀lú. Àwọn ìlànà wọ̀nyí lè sọ gígábáìtì 74.6 wa di nǹkan bí ìdajì, ó lè fi díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ tàbí kí ó má tó o, gẹ́gẹ́ bí àwòrán náà bá ti rí.

Ọ̀nà kejì yàtọ̀ pátápátá. Ní ọjà, bí iye nǹkan bá jẹ́ náírà 1,487, ẹlẹ́jọ́-wẹ́wẹ́ nìkan ni yóò pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn yòókù yóò ní 1,500 ni. Ó rọrùn láti rántí, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n lọ́la, bí a bá bi wọ́n pé èló ni gan-an, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ bóyá 1,487 ni tàbí 1,512. Báyìí ni ìlànà MPEG àti H.264 ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní 1974, Nasir Ahmed àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, T. Natarajan àti K. R. Rao, gbé ìṣirò kan jáde tí a fi lè kó wóró 64, mẹ́jọ nígbà mẹ́jọ, kí a sì ya ohun tí ó hàn gbangba nínú wọn sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tínńtín-tínńtín. Ìṣirò náà fúnra rẹ̀ kì í kó àdánù bá àwòrán. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a máa ń sọ àwọn nọ́ńbà náà di gbáko bí iye ọjà, tí àwọn tínńtín-tínńtín yóò sì di òfo. Bákan náà, nítorí pé ojú ènìyàn ń mọ ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ ju ìyàtọ̀ àwọ̀ lọ, a máa ń jẹ́ kí wóró mẹ́rin pín àwọ̀ kan ṣoṣo lò.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀nà kejì yìí burú fúnra rẹ̀. Ìlù dùndún ń ṣe irú rẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀: ó ju kóńsónáǹtì àti fáwẹ́lì sílẹ̀, ó di ohùn mú, ẹni tí ó gbọ́ èdè ìlù sì ń gbọ́ ohun tí ayan ń sọ. Ìwé tí a kọ láìfi àmì ohùn sí i ṣe òdìkejì rẹ̀: ó di kóńsónáǹtì àti fáwẹ́lì mú, ó ju ohùn nù. A lè ka lẹ́tà ọ̀rẹ́ wa báyìí láìṣìnà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ oríkì ìlú kan tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ti kú tán ni a bá nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, níbi tí a ti rí "owo", ta ni yóò bá wa sọ bóyá owó ni, tàbí òwò? Ohun tí ó tó fún ìlò òní kò tó fún ìpamọ́. Kókó ọ̀rọ̀ wa nìyí.

4. Ohun tí ń bọ́ sọnù

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìsọ̀ tí a fi ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní oníṣẹ́ náà da kásẹ́ẹ̀tì náà sórí àwo VCD, irú èyí tí a fi ta sinimá Yorùbá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wóró 352 nígbà 288 ni ẹyọ-àwòrán VCD ní lábẹ́ PAL, ìyẹn nǹkan bí ìdá mẹ́rin ohun tí ilé ìpamọ́ yóò kó. Àwòrán inú rẹ̀ kò gbà ju nǹkan bí báìtì 143,750 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, wákàtí kan rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí mẹ́gábáìtì 518 lọ. Bí a bá pín 20,736,000 wa àtijọ́ sí ọ̀nà 144, ọ̀nà kan péré ni VCD mú.

Kí ni ó lọ pẹ̀lú 143 yòókù? Nínú ijó Òbítùn, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àwọn wúńdíá lè di ọ̀já kan ṣoṣo, níbi tí a ti lè ka ìlẹ̀kẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan tẹ́lẹ̀ bí ẹ̀rọ bá sún mọ́ wọn. Níbi tí ẹsẹ̀ bá ti yá, àwòrán a fọ́ sí onígun mẹ́rin kéékèèké, èyí tí í ṣe ojú àwọn wóró mẹ́jọ nígbà mẹ́jọ tí a mẹ́nu bà. Ohun kan tún wà tí ojú kì í tètè rí. Ẹyọ-àwòrán PAL kan jẹ́ ìdajì méjì: ìlà 1, 3, 5 abbl. ni a kọ́kọ́ yà, lẹ́yìn náà ni a ya ìlà 2, 4, 6 abbl. Nítorí náà, ìgbà 50 ni ẹ̀rọ wo ijó náà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kì í ṣe ìgbà 25. VCD, tí ó ní ìlà 288 péré, kò ní àyè fún ju ìdajì kan lọ. Ìdajì kejì nù, ìdajì ìrìn ẹsẹ̀ sì bá a lọ.

Fún àwa tí èdè jẹ́ iṣẹ́ wa, àdánù náà tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ láàárín k àti p Yorùbá hàn lójú, nítorí pé ètè méjèèjì ń pàdé fún p, wọn kì í pàdé fún k. Ìpàdé ètè yìí kì í sábà pẹ́ ju nǹkan bí ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Bí a bá ní ìdajì-ẹyọ 50, a óò rí i ní ìgbà márùn-ún. Bí 25 ni ó kù, ìgbà méjì tàbí mẹ́ta ni. Bí ètè náà bá sì ti di wóró mẹ́ta tí ó lẹ̀ mọ́ra, a kò ní rí i rárá. Ìyá àgbà tí ó sọ èdè Oǹdó sínú kásẹ́ẹ̀tì náà kò sí láyé mọ́ tí a óò fi ní kí ó tún un sọ.

Àpẹẹrẹ rere wà pẹ̀lú. Fíìmù Shaihu Umar, tí Adamu Halilu ṣe ní 1976, ti dàwátì fún ọ̀pọ̀ ọdún kí a tó rí ohun èlò rẹ̀ nínú àpótí ìpamọ́ ní Jọ́ọ̀sì. A tún un ṣe, a sì fi hàn ní Bẹ́líìnì ní 2018. Ohun tí ó mú kí àtúnṣe ṣeé ṣe ni pé ojúlówó fíìmù náà ṣì wà nílẹ̀. Atúnṣe kì í dá àwòrán; ohun tí ẹni ìṣáájú bá fi sílẹ̀ ni ó ń rí tún ṣe.

5. Yíyan ìperí

Nígbà tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé kìíní Èdè-Ìperí Yorùbá ní 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe ti ìkejì ní 1990, ọ̀rọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni ó jẹ wọ́n lógún, kì í ṣe fídíò. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ là sílẹ̀ ṣì wúlò: kí a wo ohun tí ìperí ń tọ́ka sí, kí a wo bí yóò ti bá àwọn ìperí mìíràn rìn, kí ó sì ṣeé fi ẹnu sọ láìkọsẹ̀.

A lè yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò, kí a pè é ní kọmpírẹ́ṣọ̀n. Kò sí èèwọ̀ nínú àyálò, ṣùgbọ́n èyí yóò gbé àìyàtọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọlé pẹ̀lú ara rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì fi bo ọ̀nà méjèèjì. Ìsúnkì kò bójú mu, nítorí pé aṣọ a máa súnkì fúnra rẹ̀, kì í ṣe pé ẹnì kan pinnu rẹ̀. Ìdínkù sọ pé nǹkan kéré sí i, kò sọ ọ̀nà tí ó gbà kéré. Ìfúnpọ̀ ni ó sàn jù nínú wọn. Síbẹ̀, bí a bá fún aṣọ, omi a jáde. Bí a bá fún ọsàn, omi ni a fẹ́, èèpo ni a ń jù nù. Ọ̀rọ̀ náà kò sọ bóyá ohun tí ó jáde jẹ́ ohun tí a nílò. Nítorí náà, ìdámọ̀ràn wa ni pé kí ìfúnpọ̀ dúró gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìdílé, kí a sì sọ àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì lórúkọ.

Èyí tí kò pàdánù ohunkóhun ni a pè ní ìkápọ̀. Ẹní ni a ń ká. Bí ilẹ̀ bá ṣú, a tún un tẹ́, bí ó ti gùn tẹ́lẹ̀ ni yóò gùn. Ẹnì kan lè sọ pé a ti ń lo ká fún gbígba ohùn sílẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n sílẹ̀ ni ó ń bá a rìn níbẹ̀, pọ̀ ni ó ń bá a rìn níhìn-ín. Yorùbá kì í ṣi ká sílẹ̀ mú fún ká pọ̀. Àǹfààní kan tún wà níbẹ̀: ìkápọ̀ ti ní èkejì rẹ̀, èyí ni ìtẹ́padà.

Èyí tí ń ju apá kan nù ni a pè ní ìrẹ́dànù. Bí a bá rẹ́ ẹ̀ka igi dànù, igi náà lè dúró, ó tilẹ̀ lè wuni, ṣùgbọ́n ẹ̀ka náà kò ní padà síbẹ̀. Etí Yorùbá yóò tún gbọ́ "rẹ́ni jẹ" nínú rẹ̀. A kò kọ èyí. Ìkìlọ̀ ni yóò jẹ́ fún ẹni tí ó bá fẹ́ fi irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ ṣe ẹ̀dà kan ṣoṣo. Fún ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí a fún ìrẹ́dànù ní ìtẹ́padà: ohun tí a rẹ́ kò ṣeé tẹ́.

Ìyàtọ̀ kan kù tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ kíyè sí. Àwọn ènìyàn a máa sọ pé àwòrán kan "mọ́ gaara", wọ́n á sì rò pé kò ku nǹkan kan. Ìmọ́gaara jẹ́ ti ojú. Ìpé jẹ́ ti àkọsílẹ̀. Lóde òní, kọ̀ǹpútà lè gba àwòrán tí a ti rẹ́, kí ó fi wóró tí ó fúnra rẹ̀ hùmọ̀ kún un, kí ó sì mọ́ ju ojúlówó lọ. Ìlẹ̀kẹ̀ tí a óò rí nínú rẹ̀ kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ tí wúńdíá náà wọ̀. Ìpé ni ilé ìpamọ́ ń wá. Ìmọ́gaara lè tẹ̀ lé e bí ó bá fẹ́.

6. Ìperí lẹ́nu iṣẹ́

Bí a bá gba àwọn ìperí wọ̀nyí, ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe kò ní ṣòroó sọ. Kí a kọ́kọ́ kó kásẹ́ẹ̀tì sínú kọ̀ǹpútà láìrẹ́ ohunkóhun, pẹ̀lú ìdajì-ẹyọ rẹ̀ gbogbo. Kí a ká a pọ̀, kí a sì pa á mọ́: èyí ni ẹ̀dà-ìpamọ́. Láti ara rẹ̀ ni a óò ti rẹ́ ẹ̀dà-ìlò fún ìwò ojoojúmọ́, fún kíláàsì àti fún fóònù. Ẹ̀dà-ìlò lè bàjẹ́, a óò rẹ́ òmíràn. A kì í rẹ́ ẹ̀dà tuntun láti ara ẹ̀dà tí a ti rẹ́ tẹ́lẹ̀, nítorí pé àdánù a máa gun orí àdánù.

Báwo ni a óò ṣe mọ̀ pé ìkápọ̀ ni oníṣẹ́ ṣe lóòótọ́? Ìṣirò kan wà tí kọ̀ǹpútà lè ṣe lórí gbogbo wóró fídíò kí ó tó ká a, tí yóò sì so èso nọ́ńbà gígùn kan. A pe nọ́ńbà yìí ní òǹkà-ẹlẹ́rìí. Lẹ́yìn ìtẹ́padà, kí a tún ìṣirò náà ṣe. Bí wóró kan ṣoṣo bá yí padà, òǹkà náà yóò yàtọ̀. Bí ó bá bára mu, a lè fọkàn balẹ̀. Kí a tọ́jú ẹ̀dà-ìpamọ́ sí ibi mẹ́ta, kí ọ̀kan wà ní ìlú mìíràn, kí a sì máa bi òǹkà-ẹlẹ́rìí léèrè lóòrèkóòrè, nítorí pé ohun ìpamọ́ kọ̀ǹpútà náà ń bàjẹ́.

7. Àkójọ ìperí

Ìfúnpọ̀: sísọ àkọsílẹ̀ ńlá di kékeré, ọ̀nà yòówù kí a gbà.
Ìkápọ̀: ìfúnpọ̀ tí a lè tú padà lódidi, wóró fún wóró.
Ìtẹ́padà: títú ohun tí a ká pọ̀ sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀.
Ìrẹ́dànù: ìfúnpọ̀ tí ń ju apá kan àkọsílẹ̀ nù láìní ìpadàbọ̀.
Ẹyọ-àwòrán: ọ̀kan nínú àwọn àwòrán tí ń tẹ̀ léra nínú fídíò.
Ìdajì-ẹyọ: ìlà tí kò ṣeé pín sí méjì tàbí ìlà tí ó ṣeé pín sí méjì nínú ẹyọ-àwòrán.
Wóró-àwòrán: ojú kan ṣoṣo nínú ẹyọ-àwòrán.
Ìmọ́gaara: bí àwòrán ti dára tó lójú awòran.
Ìpé: bí àkọsílẹ̀ ti mú gbogbo ohun tí ó wà nínú ojúlówó tó.
Ẹ̀dà-ìpamọ́: ẹ̀dà pípé tí a kì í fọwọ́ kàn fún ìlò.
Ẹ̀dà-ìlò: ẹ̀dà tí a rẹ́ láti ara ẹ̀dà-ìpamọ́.
Òǹkà-ẹlẹ́rìí: nọ́ńbà tí ń jẹ́rìí pé àkọsílẹ̀ kò yí padà.

A fi àwọn ìperí wọ̀nyí síwájú àwọn olùkọ́ àti atúmọ̀ kí wọ́n lè yẹ̀ wọ́n wò, kí wọ́n sì fi èyí tí ó bá sàn jù rọ́pò èyí tí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn. Ṣùgbọ́n èyíkéyìí tí a bá mú, kí ó ṣeé sọ fún oníṣẹ́ ní Arákalẹ̀ lẹ́nu kan: "Kíká ni mo fẹ́ sà, kì í ṣe rírẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ òǹkà-ẹlẹ́rìí rẹ̀ fún mi, ẹ má sì tíì ju kásẹ́ẹ̀tì nù."